Pàṣán Orí Àjà: Ìgbésí Ayé Ọ̀gágun Mohammed Daoud Khan

Eyín ni wọ́n fi dá a mọ̀. Ní ọdún 2008, ní ẹ̀yìn ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Pul-e-Charkhi tó wà ní ìlà oòrùn Kabul, olú ìlú Afghanístàn, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí ológun àtijọ́ kan júwe. Sàréè méjì ni wọ́n bá. Egungun ènìyàn tó lé ní ogún ló wà níbẹ̀, wọ́n kó wọn lé ara wọn bí ẹni kó igi ìdáná. Kò sí òkúta sàréè, kò sí orúkọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí Àlùkùránì kékeré kan tí wọ́n fi wúrà ṣe, ẹ̀bùn tí ọba Saudi Arabia fún ẹni tó ni ín. Àwọn dókítà tún gbé àwòṣe eyín tí wọ́n ti ṣe fún ọkùnrin kan nígbà ayé rẹ̀ wá, wọ́n fi wé eyín ọ̀kan nínú àwọn òkú náà, ó bá a mu wẹ́kú. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ìjọba kéde pé òkú Mohammed Daoud Khan ni, Ààrẹ àkọ́kọ́ tí Afghanístàn ní, ẹni tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ pa ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, tí wọ́n sì wọ́ òun àti ẹbí rẹ̀ sí kòtò ní bòókẹ́lẹ́.

Àwọn àgbà tó ní pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó, ọ̀rọ̀ ilé olórogún ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ rí bí òwe náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láàfin, láàrin ọba àti ṣọ́jà, kí ó gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí. Òun ló gé pàṣán náà nígbó, òun ló gbé e wọlé, òun ló kọ́kọ́ fi nani. Ohun tí kò ṣe ni kí ó sun ún níná nígbà tó lò ó tán.

Ọmọ ààfin nínú aṣọ ológun

Ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1909 ni wọ́n bí Daoud sí Kabul. Mohammed Aziz ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilé ọlá. Nadir, àbúrò bàbá rẹ̀, ló wá jọba ní 1929 lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Daoud kàwé díẹ̀ ní Kabul kí wọ́n tó rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi di géńdé. Nígbà tó padà dé, iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ló wọ̀. Kò pẹ́ tí oyè fi ń gun oyè. Ọmọ ọba kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún 1933 fi àpá sí i lára. Ní oṣù Kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Afghanístàn kan yìnbọn pa bàbá rẹ̀ ní Berlin, níbi tó ti ń ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Jámánì. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yìnbọn pa Ọba Nadir ní Kabul, níbi tí ọba ti ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n gbé adé lé Zahir, ọmọ ọba náà, ẹni ọdún 19, lórí. Daoud fi ọdún márùn-ún ju ọba tuntun lọ. Ní ọdún kejì, ó fẹ́ Zamina, arábìnrin ọba. Ẹ wo bí okùn náà ṣe lọ́ pọ̀: ní ti ẹ̀jẹ̀, Daoud ni ẹ̀gbọ́n, ní ti ìgbéyàwó, àna ni, ní ti ìjọba, ìránṣẹ́ ni. Ipò kẹta yìí kò bá a lára mu títí ó fi kú.

Orúkọ ni Zahir ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ló di ìjọba mú. Hashim Khan, tó ṣe olóòtú ìjọba láti 1929 títí di 1946, ló gba Daoud àti Naim àbúrò rẹ̀ tọ́ lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ọkùnrin líle ni Hashim. Ẹni tó bá lanu, àtìmọ́lé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Daoud ti kọ́ iṣẹ́: ó ṣe gómìnà ní ẹkùn ìlà oòrùn àti ní Kandahar, lẹ́yìn náà, láti 1939, ó di ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ Kabul, ó sì tún ń bójú tó iléèwé àwọn ọ̀gá ológun. Ibi tí agbára rẹ̀ ti wá gan-an nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba oyè ológun ní ìgbà yẹn mọ ohùn rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn olùkọ́. Ní 1946 ó di mínísítà ètò ààbò. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 44, ọba fi í ṣe olóòtú ìjọba.

Ọdún mẹ́wàá ọ̀gá tó ń kánjú

Ohun méjì ló wà lọ́kàn Daoud. Èkíní, kí Afghanístàn kúrò lẹ́yìn ayé: títì, iléèwé, iná mànàmáná, ilé iṣẹ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà Pashtun, ẹ̀yà tirẹ̀. Ní 1893, Mortimer Durand tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Íńdíà rán wá àti Ọba Abdur Rahman fẹnu kò lórí ìlà kan tó gba àárín ilẹ̀ Pashtun kọjá. Nígbà tí Pakístàn dá dúró ní 1947, ìlà yẹn ló di ẹnubodè, àwọn Pashtun tó wà ní Peshawar àti agbègbè rẹ̀ sì di ọmọ Pakístàn. Afghanístàn nìkan ló dìbò pé kí wọ́n má gba Pakístàn wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò sí olóṣèlú ní Kabul tó gba ìlà náà, ṣùgbọ́n Daoud fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wọn lọ. Ó ń bèèrè ilẹ̀ Pashtunistan tí yóò dá dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ bá aládùúgbò jà gbọ́dọ̀ ní kùmọ̀. Daoud kọ́kọ́ lọ bẹ Amẹ́ríkà fún ohun ìjà. Ní oṣù Kejìlá 1954, Amẹ́ríkà, tó ti mú Pakístàn lọ́rẹ̀ẹ́, kọ̀ fún un. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, Khrushchev àti Bulganin, àwọn olórí ìjọba Sófíẹ̀tì, bàálù wọn balẹ̀ sí Kabul. Wọ́n mú owó yíyá 100 mílíọ̀nù dọ́là wá, wọ́n sì gbè é lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ Pashtunistan. Ní 1956, ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí a má pa irọ́ mọ́ ọn, Daoud kò di ẹrú Rọ́ṣíà. Ńṣe ló ń fi ọwọ́ kan gba ti ìlà oòrùn, tó ń fi ọwọ́ kejì gba ti ìwọ̀ oòrùn. Amẹ́ríkà kọ́ pápákọ̀ òfurufú Kandahar àti títì tó so Kandahar mọ́ Kabul. Rọ́ṣíà ń gbẹ́ ihò abẹ́ òkè Salang, tó so Kabul mọ́ àríwá orílẹ̀-èdè. Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, wá kí i ní oṣù Kejìlá 1959. Èyí tó bá fẹ́ràn Afghanístàn jù, kí ó kọ́ títì tó gùn jù: ọgbọ́n tí Kabul fi ń bá ayé lò nìyẹn. Ó sì dùn ún lò fún ìgbà pípẹ́.

Ṣùgbọ́n títì kì í padà sílé pẹ̀lú èrò lórí, ènìyàn ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun ìjà Rọ́ṣíà kò ṣeé lò láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, nítorí náà ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ń wọ bàálù lọ sí Sófíẹ̀tì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ogun onírin, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nínú bàálù ogun. Àwọn kan nínú wọn sì tún kọ́ ìdí tí ọmọ ọba fi ń jẹun tí ọmọ àgbẹ̀ fi ń wò ó. Wọ́n padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́ àti ìbéèrè kan lọ́kàn. Ìwé ẹ̀rí ni Daoud rí.

Kí ni ó fẹ́ fi ọmọ ogun yìí ṣe? Èsì ìbéèrè náà hàn ní oṣù Kẹjọ 1959, níbi ayẹyẹ òmìnira tí wọ́n ń pè ní Jeshen. Èrò gbójú sókè wo pèpéle àwọn ìjòyè, wọ́n sì rí ohun tí wọn kò rí rí: ìyàwó olóòtú ìjọba, ìyàwó àwọn mínísítà àti àwọn obìnrin ilé ọba jókòó gbangba láìfi ìbòjú bojú. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú ẹ̀há ni obìnrin tó bá níyì máa ń wà ní Kabul. Àwọn àáfáà bínú, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Daoud sọ fún wọn pé kí wọ́n wá fi ibi tí Àlùkùránì ti sọ ọ́ di dandan han òun, òun ni yóò kọ́kọ́ dá ìyàwó òun padà sínú ẹ̀há. Nígbà tí wọ́n gbé ìwàásù lòdì sí i, ó kó bí àádọ́ta nínú wọn sí àtìmọ́lé fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní Kandahar, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà, àwọn ọmọ ogun sì pa á lẹ́nu mọ́.

Ọba Amanullah ti dán irú rẹ̀ wò ṣáájú, ó sì pàdánù ìtẹ́ rẹ̀ ní 1929. Daoud mọ ìtàn náà dáadáa, nítorí ìjà yẹn ló gbé ìdílé tirẹ̀ dórí ìtẹ́. Amanullah ṣí ìbòjú kí ó tó kó ọmọ ogun jọ. Daoud kó ọmọ ogun jọ ná. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù Ariana, ní ọ́fíìsì àti ní yunifásítì. Ohun rere ni, ìbọn ló sì ṣọ́ ọ. Daoud rí i pé ìbọn ṣiṣẹ́, ó sì gbà á gbọ́. Kò rí ìdí tí òun yóò fi máa bẹ ẹnikẹ́ni, kò jẹ́ kí ilé aṣòfin lẹ́nu, kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn sọ tẹnu wọn.

Ọ̀rọ̀ Pashtunistan ló ta á lẹ́sẹ̀. Ní 1961, ìjà òun àti Pakístàn le débi pé wọ́n gé àjọṣe, wọ́n ti ẹnubodè. Afghanístàn kò ní etíkun. Ẹnu ọ̀nà Peshawar ni ọjà rẹ̀ máa ń gbà dé òkun. Àsìkò èso ni. Èso àjàrà àti pómégíránétì tí àwọn àgbẹ̀ ká kò rí ọ̀nà dé ọjà Pakístàn àti Íńdíà. Ẹrù tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ dúró sí òdìkejì. Owó orí ọjà, tó jẹ́ òpó àpò ìjọba, já. Ọjà tó kù wá ń gba ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà lọ. Ó lé ní ọdún kan tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1963, ọba, tó ti di ẹni ọdún 48, tó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó wo àwọn ẹbí rẹ̀, gba ìwé ìfipòsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹnubodè fi ṣí.

Ẹ̀gbọ́n nínú ilé, ìbínú nínú ikùn

Ìwé òfin tuntun jáde ní 1964. Abala 24 rẹ̀ ní kí ẹbí ọba má ṣe olóòtú ìjọba, kí wọ́n má ṣe mínísítà, kí wọ́n má wọ ilé aṣòfin, kí wọ́n má sì ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín, pé ọba ti ya ìjọba kúrò lára ìdílé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka abala yẹn tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ọdún mẹ́wàá ni Daoud fi jókòó sílé. Ilé náà kò dá páropáro. Àwọn ọ̀gá ológun tó mọ̀ ọ́n láti iléèwé ń wá kí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti Sófíẹ̀tì dé ń wá kí i pẹ̀lú. Lóde, ìjọba tuntun ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Láti 1963 sí 1973, olóòtú ìjọba márùn-ún ló jẹ. Ìdìbò wáyé ní 1965 àti 1969, ṣùgbọ́n ọba kò fọwọ́ sí òfin tí yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú wà, ẹgbẹ́ òṣèlú sì wà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1965, àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní ilé òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Nur Mohammad Taraki, wọ́n dá ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà pín sí méjì láìpẹ́: Khalq ti Taraki àti Parcham ti Babrak Karmal. Àwọn méjèèjì ń wọ́ lọ sí bárékè ní jẹ́jẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ wá dé ní 1971 àti 1972. Ìyàn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, oúnjẹ ìrànwọ́ sì ń sọnù sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ẹni tó ń wá àyè rí àyè.

Ní oṣù Keje 1973, Ọba Zahir wà ní Ítálì, ó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 17, àwọn ọkọ̀ ogun jáde sí ìgboro Kabul. Wọ́n gba ààfin Arg, wọ́n gba iléeṣẹ́ rédíò, wọ́n mú Abdul Wali, àna ọba tó ń ṣe ọ̀gá àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú yí rédíò wọn, wọ́n sì gbọ́ ohùn Daoud: ìjọba ọba ti pin, Afghanístàn ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo àwọn tó ṣiṣẹ́ náà fún un. Kì í ṣe ọ̀gágun ńláńlá. Àwọn ọ̀gá kékeré ni, àwọn tó ti Sófíẹ̀tì kàwé dé. Ọ̀kan ni Aslam Watanjar, ọmọ ogun ọkọ̀ onírin. Ọ̀kan tún ni Abdul Qadir, ọmọ ogun òfurufú. Kí a fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, Zahir kọ̀wé láti Ítálì pé òun ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ará ìlú má baà ta sílẹ̀ nítorí òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìwé náà. Wọn kò fojú kan ara wọn mọ́.

Ààrẹ, mínísítà, ọ̀gágun, gbogbo rẹ̀

Daoud kó oyè jọ bí ẹni ń kó aṣọ ọdún: Ààrẹ ni, olóòtú ìjọba ni, mínísítà ètò ààbò ni, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ó bọ́ orúkọ ọmọọba kúrò lára, ṣùgbọ́n kò bọ́ ìwà rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó wọlé, wọ́n mú Hashim Maiwandwal, tó ti ṣe olóòtú ìjọba rí, wọ́n ní ó ń dìtẹ̀. Inú àtìmọ́lé ni Maiwandwal kú sí ní oṣù Kẹwàá. Ìjọba ní ńṣe ló pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́.

Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn Kọ́múnísìtì tó bá a wọlé sẹ́yìn. Ó rán àwọn kan lọ sí ìgbèríko, ó fi àwọn kan ṣe aṣojú sí ilẹ̀ òkèèrè, ó gba ipò lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Abdul Qadir wà lára àwọn tó já wálẹ̀. Ní apá kejì, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ìjọba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí wọ́n ń kàwé ní Yunifásítì Kabul, sá lọ sí Pakístàn. Zulfikar Ali Bhutto, olóòtú ìjọba Pakístàn, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn ní ìbọn. Daoud ti ń fi Pashtunistan gún Pakístàn lójú láti ọjọ́ pípẹ́. Pakístàn náà wá rí igi tirẹ̀. Ní 1975, àwọn ọ̀dọ́ náà dìde ní àfonífojì Panjshir, Ahmad Shah Massoud wà lára wọn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Massoud àti ti Gulbuddin Hekmatyar, tí òun náà wà lára àwọn tó sá lọ sí Pakístàn, kò ní kúrò létí ayé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó tẹ̀ lé e.

Ó jọ pé ìjà yẹn ló la Daoud lójú. Ọ̀gágun tó ti lé ní ẹni ọdún 65 bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ padà. Ó pe Bhutto wá sí Kabul ní 1976, òun náà sì lọ sí Pakístàn. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè fẹ́ẹ̀ẹ́ yanjú. Ọba Ìránì ti ṣèlérí owó tó tó bílíọ̀nù 2 dọ́là fún un. Ó ń kí Saudi Arabia, ó ń kí Íjíbítì. Ó ń rán àwọn ológun rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbòmíràn, kì í ṣe Rọ́ṣíà nìkan mọ́.

Rọ́ṣíà rí i. Ní oṣù Kẹrin 1977, Daoud lọ sí Moscow. Níbi ìpàdé, Leonid Brezhnev bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn òyìnbó ìwọ̀ oòrùn ti pọ̀ jù ní àríwá Afghanístàn, kí Daoud lé wọn. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó bá Daoud lọ ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ọ̀gágun náà yí padà. Ó dá Brezhnev lóhùn pé Afghanístàn ni yóò yan ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́, pé kò sí ẹni tí yóò wá pàṣẹ fún àwọn nínú ilé àwọn. Ó dìde, ó forí lé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ènìyàn rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ kí ó tó bọ Brezhnev lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó sọ ọ́ ní bàálù Rọ́ṣíà nínú pápá rẹ̀, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà nínú bárékè rẹ̀, àti ọ̀gá ológun tó kàwé ní Rọ́ṣíà nídìí wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ní ẹlòmíràn lẹ́yìn ni, ìbá sàn. Ìwé òfin tó gbé jáde ní 1977 fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, ti Daoud. Ìpàdé àgbààgbà ìlú yàn án ní Ààrẹ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn tó yí i ká ni àbúrò rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ àti àwọn tó mọ ìjúbà. Àwọn àáfáà ń bínú, àwọn Kọ́múnísìtì ń bínú, àwọn tó ń wá ìjọba tiwa-n-tiwa ti dákẹ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹni tó sì gé igbó tó kù lulẹ̀ kò mọ ọwọ́ tí atẹ́gùn yóò gbà dé.

Ọjọ́ keje oṣù Saur

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1978, wọ́n yìnbọn pa Mir Akbar Khyber, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Parcham, ní Kabul. Títí di òní, àríyànjiyàn wà lórí ẹni tó pa á. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya sí ìgboro. Khalq àti Parcham, tó ti parí ìjà wọn ní ọdún tó ṣáájú, rìn pọ̀. Ẹ̀rù ba Daoud, ó ní kí wọ́n kó àwọn olórí ẹgbẹ́ náà. Wọ́n mú Taraki, wọ́n mú Karmal. Hafizullah Amin, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà láàrin àwọn ológun, ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú ilé rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó gbé e. Wákàtí yẹn tó. Ó ráyè ránṣẹ́ sí bárékè.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ni, ọjọ́ keje oṣù Saur nínú kàlẹ́ńdà wọn. Láti bárékè Pul-e-Charkhi ni àwọn ọkọ̀ ogun ti gbéra, Aslam Watanjar ló ṣíwájú wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, ìbọn àkọ́kọ́ dún lójú Arg. Daoud àti àwọn mínísítà rẹ̀ wà nínú ìpàdé lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin jà gidigidi. Nírọ̀lẹ́, bàálù ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Bagram, wọ́n ń da àdó olóró lu ààfin. Abdul Qadir ló rán wọn. Lálẹ́, àwọn ará ìlú tún yí rédíò wọn. Watanjar sọ̀rọ̀ ní èdè Pashto, Qadir sọ ọ́ ní Dari: ìjọba Daoud ti pin. Rédíò kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà ló yàtọ̀.

Daoud ti kó ẹbí rẹ̀ wá sí ààfin. Wọ́n wà nínú yàrá kan, òun, ìyàwó rẹ̀, Naim àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 28, ọ̀gá ológun kan wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, ó ní kí Ààrẹ túúbá. Kò túúbá. Ìbọn dún. Nígbà tí ariwo dákẹ́, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó tó méjìdínlógún ti kú. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n gbé wọn jáde ní ìlú.

Àjà kò ṣófo

Àwọn tó pa á kò jókòó gbádùn. Láàrin oṣù mẹ́rin, ìjọba tuntun ti mú Abdul Qadir sẹ́wọ̀n. Ní 1979, àwọn ènìyàn Amin fún Taraki pa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì pa Amin ní ààfin Tajbeg. Ihò abẹ́ òkè Salang, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà Daoud tí wọ́n sì ṣí ní 1964, ló wá di ọ̀nà tí ẹrù àti ọmọ ogun Rọ́ṣíà ń gbà wọ Kabul títí di 1989. Wọ́n gbé Karmal wá, wọ́n tún gbé e lọ. Najibullah tó rọ́pò rẹ̀, àwọn Tálíbánì ló pa á ní 1996. Ti Zahir yàtọ̀, ọba tó kọ̀wé pé òun fi ìtẹ́ sílẹ̀: orí ibùsùn rẹ̀ ní Kabul ló kú sí. Ó padà sílé ní 2002, ó sì kú ní oṣù Keje 2007, ẹni ọdún 92.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Afghanístàn tó rí ìgbà Daoud ṣì ń sọ ọ́ pé ìgbà rẹ̀ tura. Wọn kò parọ́. Ó kọ́ títì, ó fi obìnrin sí iléèwé, kò sì tẹrí ba fún Brezhnev. Ohun tó ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí kò gbé lé orí ìbọn, ìbọn kì í sì í bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Nígbà tó lé ọba kúrò lóru ọjọ́ kan, kò gba orí ìtẹ́ nìkan; ó fi ọ̀nà ibẹ̀ han gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ogun. Abala 24 ìwé òfin 1964 lè má dára tó, ṣùgbọ́n ìwé ni. Ìwé ṣeé jà sí, ìwé ṣeé tún kọ. Kò sẹ́ni tó lè tún ọjọ́ 17 oṣù Keje kọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2009, wọ́n fi àsíá orílẹ̀-èdè bo pósí rẹ̀, ìbọn ẹ̀yẹ dún, Ààrẹ Hamid Karzai sì dúró níbi tí wọ́n ti sin ín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sin olórí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún sùn láìní orúkọ ni ọkàn mi máa ń padà sí. Bárékè Pul-e-Charkhi, níbi tí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà tí wọ́n rà ti gbéra wá bá a, kò jìnnà síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbẹ́ kòtò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá wọ̀ tí wọn kò jáde mọ́, ní àsìkò ìjọba rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Daoud ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ọ.